Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Ìwé Ẹ̀rí Ló Ń Gbéni Dé Ibi Gíga?

Lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí pọ̀ débi pé a fi gbogbo ojú ewé yìí sílẹ̀ fún un. Àwọn òbí kọ̀wé, àwọn ọmọ náà kọ̀wé, ohun kan náà ni wọ́n sì ń béèrè: ṣé ẹni tí ó bá gboyè jáde ni yóò rọ́wọ́ mú láyé, àbí ìwé tí à ń kà yìí kò já mọ́ nǹkan kan mọ́? A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé àwọn tó gùn kúrú, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọ wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Epo pupa ni mo ń tà ní Òṣogbo. Ọmọ mi àgbà gboyè jáde ní yunifásítì, ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ṣùgbọ́n kò tíì rí iṣẹ́ títí di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ìsọ̀ mi ni a jọ ń jókòó sí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yege dáadáa nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, pàápàá nínú ìṣirò àti físíìsì. Ó ṣe JAMB, yunifásítì sì fún un ní ẹ̀kọ́ tí kò béèrè fún. Ó ní òun kò lọ, pé iṣẹ́ iná sólà ni òun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ ní àfi kó lọ, ohun yòówù kí wọ́n fún un. Ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà nínú àwọn méjèèjì?
*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe é lásán. Kí a tó dá sí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín bàbá àti ọmọ, ó yẹ kí a mọ ibi tí bàbá ti gbé tirẹ̀ wá, nítorí pé ohun tí ó fi ojú rí nígbà tí ó ń dàgbà ló ń sọ.

Nígbà kan, ìwé mẹ́fà tó láti sọ ènìyàn di akọ̀wé, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn tó ní i kò pọ̀, iṣẹ́ tó ń dúró dè wọ́n pọ̀, àwọn òyìnbó amúnisìn náà sì ń palẹ̀ mọ́ láti fi ipò sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé lọ́dún 1954 fi díẹ̀ lé ní 456,000. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, wọ́n lé ní 811,000. Oore ńlá ni ìjọba náà ṣe fún ìran Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wa tí a lè ka ìwé ìròyìn yìí lónìí ló ń jẹ nínú oore náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìwé mẹ́fà ní nǹkan bí ọdún 1960, wọ́n rí i pé ìwé tí ó sọ ẹ̀gbọ́n wọn di akọ̀wé kò lè sọ àwọn di ohunkóhun, nítorí pé kò sí agboolé tí kò ti ní ẹni tó kà á. Ìjọba pàápàá rí ewu náà. Ó wà lára ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1959, kí àwọn tó jáde ilé ìwé tí wọn kò ríṣẹ́ lè rí ilẹ̀ dáko lọ́nà ìgbàlódé.

Láti ìgbà náà ni a ti ń sáré lọ sí ìwé tó ga ju ti àná lọ. A fi ìwé mẹ́fà sílẹ̀, a lọ sí Modern, ilé ìwé tí àwọn tó jáde ìwé mẹ́fà ń lọ nígbà náà; a fi Modern sílẹ̀, a lọ sí ìwé mẹ́wàá; a wá dé orí dìgírì, àwọn kan sì ti wà lórí másítà báyìí nítorí pé dìgírì kò fún wọn níṣẹ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń di ohun tí gbogbo ilé ní ni agbára rẹ̀ láti fúnni níṣẹ́ ń dín kù, torí pé iṣẹ́ kò pọ̀ sí i bí àwọn tó ń gboyè ti ń pọ̀ sí i. Bàbá ọmọ yín ń fi ìgbà tí oní-dìgírì kò pọ̀ gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn. Ọmọ yín àgbà tó jókòó tì yín nísọ̀ kò ṣe ohun tó burú, kò sì ya ọ̀lẹ. Ó dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí èrò ti kún un ni.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ má ṣe béèrè bóyá ìwé dára tàbí kò dára. Ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè ni pé ìwé ẹ̀rí wo, fún iṣẹ́ wo, ní ibo? Iṣẹ́ wà tí òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe láìní ìwé ẹ̀rí àti àṣẹ: iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn òyìnbó, agbẹjọ́rò, awọnlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n fún ọmọ yín, à bá ní kó gbéra lọ́la. Ẹ kò dárúkọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un fún wa. Kí bàbá rẹ̀ tó san kọ́bọ̀, kí òun àti ọmọ náà jọ lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn ní yunifásítì náà, kí wọ́n wá àwọn tó jáde níbẹ̀ ní ọdún méjì mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà báyìí àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìdáhùn tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu wọn yóò ṣe wọ́n láǹfààní ju ìmọ̀ràn tiwa lọ.

Ní ti iṣẹ́ iná sólà, ó dà bíi pé bàbá rẹ̀ rò pé iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé oníbàárà kan fẹ́ tan gílóòbù mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 5, tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ wáàtì 70, àti fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 200. Ó fẹ́ kí iná náà wà láti agogo méje alẹ́ títí di agogo márùn-ún ìdájí, ó sì ra bátìrì olómi kan ṣoṣo tí wọ́n kọ fóòtì 12 àti ámpù-wákàtí 200 (200Ah) sí lára. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi 12 sọ 200 di púpọ̀, yóò rí wáàtì-wákàtí 2,400, ìyẹn gbogbo iná tí bátìrì náà lè gbà sínú. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí a lo irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kọjá ìdajì kí ó má baà tètè kú, nítorí náà 1,200 ló kù tí òun lè lò. Yóò fi 200 pín in, yóò rí wákàtí mẹ́fà, yóò sì tún yọ díẹ̀ kúrò nítorí ohun tí ẹ̀rọ ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ti sọ fún oníbàárà pé kò sí bí iná náà yóò ṣe di ìdájí, pé yóò ti kú kí agogo kan òru tó lù. Ẹni tí kò mọ ìṣirò náà yóò so bátìrì kan yẹn, yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, oníbàárà yóò sì wá a dé ilé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ìṣirò àti físíìsì tí ọmọ yín yege nínú rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ń lò.

Ohun tí a rí sí ọ̀rọ̀ náà nìyí: kí ọmọ yín má ṣe lọ ka ohun tí kò fẹ́, kí ó má sì fi ilé ìwé sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ilé-ìwé gíga gbogboǹṣe ń kọ́ni ní ìmọ̀ iná mànàmáná fún ọdún méjì kí ènìyàn tó gba ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ níbẹ̀, ìlànà wọn sì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kí ó tó padà wá ka HND tó ga jù ú lọ. Kí ó béèrè fún ẹ̀kọ́ yẹn nínú JAMB tó ń bọ̀. Láti ìsinsìnyí títí di ìgbà náà, kí ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ sólà, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kí oníduùró sì fọwọ́ sí i bí a ti ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ yóò rí i pé ọmọ òun ṣì ń kàwé, ọmọ yóò sì ti mọ iṣẹ́ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nísọ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Kí ó máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀, kí ó bá yín forúkọ òwò náà sílẹ̀ ní CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kí ó sì máa wá àwọn ilé oúnjẹ àti ilé ìwé tí ẹ lè máa gbé epo fún ní gálọ́ọ̀nù gálọ́ọ̀nù. Bí iṣẹ́ mìíràn bá dé lọ́jọ́ iwájú, kò ní lè sọ pé òun jókòó lásán.

Ìbéèrè: Alhaji Rasaq Okoya kò lọ sí yunifásítì, Ìyá Nike Ọ̀kúndayé tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí àdìrẹ náà kò lọ. Wọ́n lówó, wọ́n lókìkí. SS2 ni mo wà, ilé ìwé ti sú mi. Kí ni mo tún ń wá níbẹ̀?
*Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì kò lọ sí yunifásítì, àmọ́ má ṣe rò pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ní Èkó ni Okoya ti kọ́ aṣọ rírán àti bí a ti ń ná owó tí a sì ń pa á mọ́, láti ìgbà ọmọdé, ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Eleganza, ilé iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó tó ra kúlà rẹ̀. Ọwọ́ ìyá-ńlá rẹ̀ ni Nike Ọ̀kúndayé ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ ní Ògìdì nígbà tí kò tíì tó ọmọge. Nígbà tí ọwọ́ òun náà sì tẹ̀ ẹ́, ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983 níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì ló lọ́gàá, wọ́n jí ní kùtùkùtù fún ọ̀gá náà, wọ́n sì tún iṣẹ́ ṣe nígbà tí ọ̀gá bá ní kò dára.

Ta wá ni ọ̀gá tìrẹ? Bí o bá ní ọ̀gá tó ti gbà láti kọ́ ọ, tí o sì mọ iṣẹ́ tí o fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, a lè jọ jókòó sọ ọ́. Kò sí ibi kankan nínú lẹ́tà rẹ tí o ti dárúkọ iṣẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àyà wa já. Wo àdúgbò yín dáadáa, kí o ka àwọn tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní SS2 láìní iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ kọ́. Kò sí ẹni tí yóò kọ orúkọ wọn sínú lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ ju àwọn tí o dárúkọ lọ. Ọdún kan ló kù ọ́ kí o ṣe WAEC. Jọ̀wọ́, ṣe é tán.

Ìbéèrè: HND ìṣirò owó ni mo gbà, iṣẹ́ ọba ìpínlẹ̀ ni mo sì ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn mi pẹ̀lú dìgírì ti di ọ̀gá mi. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé òun lè bá mi gba dìgírì láti Kùtọnù láàárín oṣù díẹ̀, pé n kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
*Òṣìṣẹ́ ọba, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ìrẹ́jẹ ni ohun tí ojú yín ń rí, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó gba HND lo ọdún méjì fún ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ọdún méjì mìíràn fún HND. Ọdún mẹ́rin ni púpọ̀ nínú àwọn oní-dìgírì lò. Síbẹ̀, láti ọjọ́ pípẹ́ ni iṣẹ́ ọba ti ń gba oní-dìgírì sí ipele 08 tí ó sì ń gba oní-HND sí ipele 07, tí oní-HND yóò sì dúró sí ipele 14 àfi bí ó bá fi ìwé mìíràn kún un. Àwọn aṣòfin ní Àbújá ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ti pariwo lé e lórí. Kí wọ́n má ṣe dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí yín kò ní dúró de ìjókòó àwọn aṣòfin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ti Kùtọnù yẹn. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Daily Nigerian fi hàn gbogbo ayé pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun fi gba ìwé ẹ̀rí dìgírì níbẹ̀, ó sì tún fi ìwé náà wọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Kí oṣù kìíní ọdún 2024 tó rìn jìnnà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti ilẹ̀ Benin àti Togo dúró. Ohun tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ọmọ wa tó fi òótọ́ inú kàwé fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n kọ́ èdè Faransé, tí wọ́n ṣe ìdánwò bí ó ti yẹ, jẹ nínú ìtìjú àwọn tó rà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ìwé ẹ̀rí tòótọ́ lọ́wọ́, tí ẹ sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn ìpínlẹ̀ yín, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ayédèrú bà á jẹ́. Bí àyẹ̀wò ìwé bá dé, owó ìfẹ̀yìntì yín pàápàá lè bá a lọ.

Ọ̀nà méjì ló wà tí ó mọ́. Ọ̀kan ni PGD, ẹ̀kọ́ tí à ń kà lé HND tàbí dìgírì lórí, ní yunifásítì tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí, èyí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń kà ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Èkejì, tí a fẹ́ràn jù fún yín nítorí pé ìṣirò owó ni ẹ kà, ni ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1965. Wọn kò ní béèrè àwọn ìdánwò kan lọ́wọ́ yín mọ́ nítorí HND yín, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni náà sì mọ iyì rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kúrò níbi tí ẹ wà. Kí ẹ tó san owó fún èyíkéyìí, ẹ lọ bá ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ béèrè fún ìlànà ìgbéga tó wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí èyí tí wọ́n ń gbà. A mọ àwọn tó ka másítà tán kí wọ́n tó gbọ́ pé ẹ̀ka ìmọ̀ náà kò bá ipò wọn mu.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ìpínlẹ̀ Èkìtì kí n tó wá sí ìlú ọba. Mo ní dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ti olùkọ́ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe ní Leeds báyìí. Nígbà mìíràn mo máa ń ronú pé gbogbo ọdún tí mo fi kàwé ti ṣòfò. Ṣé òótọ́ ni?
*Olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí, Leeds*

Ìdáhùn: Kò ṣòfò, àbúrò wa, kò sì sí àbùkù nínú kí a wẹ arúgbó kí a sì fún un lóúnjẹ, àwọn òbí wa yóò ṣàdúrà fún ọwọ́ tó ń ṣe é. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé yín ni pé iṣẹ́ olùkọ́ wà lára àwọn tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń béèrè àṣẹ tirẹ̀ fún, ìwé ẹ̀rí láti ilé kì í sì í dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ kò tíì gbọ́ pé láti oṣù kejì ọdún 2023 ni England ti ń gba àwọn olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà láyè láti béèrè fún ipò olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní QTS, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ láti Ghana, India, Jamaica, Zimbabwe àti àwọn ìlú mìíràn, láìjẹ́ pé wọ́n tún kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè fún àwọn ọmọ láti ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ṣí i fún ní ti ìlú wa, ìṣirò sì ni iṣẹ́ yín.

Ìwé dìgírì yín, ẹ̀rí pé ẹ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìwé láti ọ̀dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó fi hàn pé ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àti ẹ̀rí pé ẹ ti ṣe olùkọ́ fún ó kéré tán ọdún kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ. Bí ẹ kò bá parí ọ̀rọ̀ ti TRCN kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bẹ ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní Èkìtì kó bá yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù. Ẹ ka ìlànà ìwé ìwọ̀lú yín pẹ̀lú kí ẹ tó fi iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà. JSS3 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n ṣe WAEC, kí n sì tẹ̀ síwájú. Ojú ń tì mí nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ṣé ó ṣì ní ohun tí yóò ṣe fún mi?
*Aránṣọ obìnrin, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, nínú gbogbo lẹ́tà tó dé, tiyín ló dùn mọ́ wa jù, nítorí pé kò sí ẹni tó ń lé yín, ẹ̀yin fúnra yín ni ìwé wù.

Ní ti ọjọ́ orí, ọmọ ọdún 35 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà tí ó gba dìgírì ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì London lọ́dún 1944, ìwé tí ó kà nílé láìwọ ọgbà yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tí ó wà lọ́mọdé bíi tiyín. Ó ti ṣe olùkọ́, akọ̀wé àti akọ̀ròyìn, ó ti ra kòkó, ó ti fi ọkọ̀ akérò ṣòwò, ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ. Ọdún yẹn kan náà ló tún lọ sí London láti kọ́ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò lọ́dún 1946, nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídeolú, ń fi òwò gbé ilé ró. Ìtàn ọmọ tí ìyà kò jẹ́ kó rójú kàwé lásìkò ni, kì í ṣe ìtàn ọmọ olówó.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí ìwé náà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Kò ní mú kí aṣọ tí ẹ ń rán dára sí i, oníbàárà kankan kò sì ní bi yín léèrè WAEC kí ó tó fún yín ní léèsì rán. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé tàbí ti ilé iṣẹ́ ni ẹ ń wá, ìforúkọsílẹ̀ òwò yín àti ìwé owó orí ni wọn yóò béèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ka ND nínú ìmọ̀ aṣọ àti oge, irú èyí tó wà ní Yaba College of Technology, tàbí bí ẹ bá fẹ́ kí ìjọba gbà yín láti máa kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kò sí bí ẹ ó ṣe wọlé láìsí èsì ìdánwò náà tàbí èyí tó bá a dọ́gba. Ìwé ẹ̀rí méjì mìíràn sì wà tí ọ̀pọ̀ aránṣọ kò fiyè sí. Àkọ́kọ́ ni Trade Test ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, níbi tí wọ́n ti máa ń wo iṣẹ́ ọwọ́ yín gan-an, tí ẹ ó gé aṣọ tí ẹ ó sì rán an lójú wọn. Èkejì ni ìdánwò NABTEB, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992 fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, níbi tí iṣẹ́ aṣọ rírán fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ẹ ó ṣe ìdánwò lé lórí pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ní tiwa, NABTEB bá yín mu ju WAEC lọ, nítorí pé ohun tí ẹ ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ yóò gbè yín níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé gíga tí ẹ ní lọ́kàn bí wọ́n ti ń gbà á, kí ẹ tó mú ọ̀kan.

Ẹ má ṣe fi àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe ìdí tí ẹ ó fi máa sá. Ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ padà sí ilé ìwé, kí ẹ sì yan àgbà wọn láti máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa lọ sí kíláàsì. Ó ṣeé ṣe kí méjì nínú wọn tí wọn kò tíì yege ìdánwò tiwọn bẹ̀ yín pé kí ẹ jọ máa lọ.

Nítorí pé JSS3 ni ẹ dé, ẹ má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ń gba èsì ìjókòó méjì pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ló ń dá àwọn tó ti pẹ́ nílé dúró jù, nítorí náà àwọn méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá olùkọ́ fún láti oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ fi ó kéré tán ọdún kan mura sílẹ̀ kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Ẹ ra ìbéèrè àwọn ìdánwò tó ti kọjá, kí ẹ máa dáhùn wọn pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá ti mọ ìgbà tí ẹ fẹ́ jókòó fún ìdánwò náà, ẹ tún kọ̀wé sí wa.